Eré Kọ̀ǹpútà ní Kíláàsì Mi

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí mo jẹ́ tíṣà kíláàsì kẹfà ní Ìkẹ́rẹ́, tíṣà ọ̀dọ́ kan gbé kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà bọ̀ láti ìlú òyìnbó wá bá mi. Ó ní eré inú rẹ̀ yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ara fu mí. Ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi sì ni àwọn òbí yóò bi.

Mo ní, “Àbúrò, àwa tí a ń gba ọpọ́n ayò lọ́wọ́ ọmọ, àwa náà la ó tún máa gbé eré fún wọn?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dán an wò ná.”

Mo pe ọmọbìnrin tó mọ ìṣirò jù. Bí ó bá gbà á, ọkùnrin kékeré inú ẹ̀rọ náà á gun afárá kọjá. Bí ó bá ṣì í, á já sómi. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ló ń ṣì í ṣáá.

“Méje lọ́nà mẹ́jọ, ìwọ ni kò mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Bó ṣe ń já sómi ló dùn ún wò.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo wẹ̀yìn, tíṣà tó gbé e wá ló ń rẹ́rìn-ín jù. Mo ní kó pa á, mo sì mú ṣọ́ọ̀kì mi.