Bàbá Tó Ń Fi Etí Wo Bọ́ọ̀lù

"Orí igi nìyẹn," ni bàbá náà wí. Wọn ò yíjú pa dà.

Lóòótọ́, orí igi rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì mi ni bọ́ọ̀lù bà, kò ba àárín okùn. Ó dún kò, bí ìgbà tí èèyàn fi eegun ìka kan ilẹ̀kùn, ó sì fò gba ẹ̀gbẹ́ lọ sínú koríko. Ṣùgbọ́n báwo ni bàbá ṣe mọ̀? Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń fi okùn tuntun hun rákẹ́ẹ̀tì kan lórí itan wọn. Ọmọ márùn-ún ni wá tó tò síwájú ògiri, tí a ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a ti ń gbá a ni wọ́n ń dárúkọ ohun tí a ṣe.

"Ìyẹn dáa. Ìyẹn pẹ́. Ìwọ, o sá fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Ọmọkùnrin tí wọ́n bá wí la ẹnu sílẹ̀. Ó sá lóòótọ́. Gbogbo wa rí i, ṣùgbọ́n ojú la fi rí i.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ọ̀sẹ̀ kejì mi sì nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ń ṣe mí bíi pé bàbá yìí lè gbọ́ ohun tí mò ń rò.

Obìnrin kan tí ìyá mi ń ránṣọ fún ní Bódìjà ló fún mi ní rákẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú bàtà kánfáàsì funfun kan. Ọmọ rẹ̀ ti dàgbà ju méjèèjì lọ. Igi ni rákẹ́ẹ̀tì náà, ó wúwo, ó ń rùn bí àpótí tí a kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Bàtà náà bá mi mu, àfi pé àtẹ́lẹsẹ̀ ti òsì ti ń là níwájú. Bí mo bá ń rìn, yóò máa dún pà, pà, pà.

Yàrá kan là ń gbé ní Agbówó, èmi àti ìyá mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la máa ń rí wọn. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni mí. Ìyá mi máa ń sọ pé àwọn ló ran ẹnu mi pọ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo gbé rákẹ́ẹ̀tì sùn lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n ní, "O ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Ó dáa, a ó wá ẹni tí yóò kọ́ ọ."

A kọ́kọ́ lọ sí ẹgbẹ́ ńlá kan tó ní pápá mẹ́rin. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì wo bàtà mi, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń wọlé. A lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ léré ìdárayá. Ó gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó yí i wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, igi ìdáná lẹ gbé wá yìí."

Ìyá mi gba igi ìdáná wọn, a kọrí sílé. Ní oríta, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ó sì pè wá.

"Ẹ gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Bàbá kan wà níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ pápá wọn kí ẹ tó rí i. Wọ́n ń bá àwọn òyìnbó ṣa bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba gbogbo ọmọ o."

Ọjà Bódìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ nígbà náà. A gba àárín pákó tútù tí wọ́n tò lé ara wọn kọjá, òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là gba gbogbo imú wa. Ariwo ayùn pọ̀. Lábẹ́ ariwo yẹn ni mo ti gbọ́ ọ: pó... pó... pó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó rọra, bí ọkàn nǹkan ńlá kan tó ń sùn.

Pápá ilẹ̀ pupa ni, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi ẹfun fa ìlà sí i. Bàbá náà gbẹ, wọ́n ga, ṣòkòtò kúkúrú tó ti ṣá ni wọ́n wọ̀, fìlà òwú sì wà lórí wọn. Kóòṣì ni gbogbo ọmọ ń pè wọ́n. Wọ́n dáhùn ìkí ìyá mi, ṣùgbọ́n wọn ò gba rákẹ́ẹ̀tì wò. Wọ́n ní kí n rìn dé ibi ògiri, kí n sì rìn pa dà. Mo rìn. Wọ́n di ojú.

"Kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ni wọ́n wí. "Oṣù kan ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ ó mú un lọ sílé, ẹ má bínú."

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìgbálẹ̀ ni mo fi kọ́ tẹ́níìsì. Mo gbá pápá, mo ṣa bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tuntun wọ́n, irun ara púpọ̀ nínú tiwa ti tán pátápátá. Bọ́ọ̀lù apárí ni à ń pè wọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti ń gbá a mọ́ ògiri, ohun kan náà ni mo sì ń gbọ́ lójoojúmọ́ láti abẹ́ igi máńgòrò: "Orí igi. Ó pẹ́. Orí igi."

"Ẹ wò ó," ni ọmọkùnrin kan wí, "ó ń fi rákẹ́ẹ̀tì lé eṣinṣin!"

"Eṣinṣin tó ń lé, ó ṣáà sá," ni Kóòṣì wí, wọ́n ń fa okùn lọ. "Bọ́ọ̀lù tí ìwọ gbá sínú gọ́tà lánàá, ta ló bá ọ yọ ọ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń ka ọjọ́. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù pé, Kóòṣì ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan lára mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn yòókù ń ká nẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè mí.

"Ọmọ Télọ̀, máa bọ̀. Ọwọ́ wo lo fi ń jẹun?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, sà."

"Mi ò bèèrè èyí tí wọ́n ní kí o fi jẹun. Tí ife bá fẹ́ já bọ́ lórí tábìlì, tí kò sẹ́nì kankan nílé, ọwọ́ wo lo fi ń hán an?"

Mo gbé ọwọ́ òsì mi sẹ́yìn. Ìyá bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi àkísà di ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ìyẹn ò ràn án, wọ́n fi ata pa á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọwọ́ yẹn pamọ́ bí ẹni fi ohun tó jí pamọ́. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní Ìbàdàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Bàtà rẹ ló sọ fún mi," ni Kóòṣì wí. "Ti òsì ń pariwo, ti ọ̀tún dákẹ́, mo ń gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, ẹsẹ̀ òsì ló ń gbé síwájú. Ìwọ, bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ni mo máa ń gbọ́ ti òsì. Ẹsẹ̀ rẹ ti múra de ọwọ́ kan, o wá ń fi ọwọ́ kejì gbá a. Báwo ni kò ṣe ní pẹ́? Gbé e sọ́wọ́ òsì."

Mo wo ẹ̀yìn mi, bíi pé ìyá bàbá mi dúró síbẹ̀. Mo gbé e sọ́wọ́ òsì. Mo ju bọ́ọ̀lù apárí kan sílẹ̀, mo gbá a.

Pó.

Ó kan ògiri, ó pa dà wá bá mi níbi tí mo dúró sí gan-an. Mo tún gbá a. Pó. Mo gbá a títí, mi ò mọ iye ìgbà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Kóòṣì ti gbé rákẹ́ẹ̀tì orí itan wọn sílẹ̀. Wọ́n ti yí pa dà lórí àpótí wọn, wọ́n ń wò mí.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ nílé. Inú mi dùn jù, ẹnu tí wọ́n ní wọ́n ran pọ̀ tú. Ìyá mi gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Ọwọ́ òsì? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìwọ fẹ́ fi tìrẹ ṣeré níta gbangba? Kí ni n ó sọ fún ìyá bàbá rẹ? Kí ni n ó sọ fún àwọn tí yóò fẹ́ ọ? O ò lọ mọ́."

Wọ́n gbé rákẹ́ẹ̀tì sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mi ò lọ. Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, mo gbọ́ tí ẹnì kan ṣe "àgò" lẹ́nu ọ̀nà. Kóòṣì ni. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ni wọ́n wọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá wọn mọ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n fún wọn ní àga àti omi. Ìyá mi fẹ́ kó iṣẹ́ kúrò nílẹ̀.

"Rárá, ẹ máa ránṣọ yín," ni Kóòṣì wí. "N kò kánjú."

Wọ́n yí àga, wọ́n kẹ̀yìn sí ìyá mi, wọ́n kọjú síta. Ìyá mi wò mí, mo wò wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí à ń fi ọwọ́ yí ni, ó ń dún kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ìró náà rọra.

"Ẹ ti dé ọrùn aṣọ," ni Kóòṣì wí.

Ẹ̀rọ dúró. Ọrùn aṣọ ni lóòótọ́. Ìyá mi wo ẹ̀yìn fìlà bàbá náà bí ẹni tó rí ohun tí kò yẹ kí èèyàn rí.

"Bí ìró rẹ̀ ṣe rọra ló jẹ́ kí n mọ̀," ni wọ́n wí. "Ìyá wa, ọwọ́ ọ̀tún yín ń yí ẹ̀rọ. Bó ṣe ń yí i níbi tí aṣọ lọ tààrà náà ló ń yí i níbi tó ti tẹ̀. Ta ló wá ń mú aṣọ gba ibi tó tẹ̀ kọjá?"

Ìyá mi wolẹ̀. Ọwọ́ òsì wọn tẹ́ pẹrẹsẹ lórí aṣọ, ní ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n wò ó títí. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu wọn.

"Bàbá, ẹ ti mú mi."

"N kò mú yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́."

"Orí pápá nìkan," ni ìyá mi wí. "Tó bá fi ọwọ́ yẹn fún àgbà ní nǹkan, èmi àti ẹ̀yin ni."

"Mo gbọ́," ni Kóòṣì wí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sáré lọ sí pápá. Mo gbá bọ́ọ̀lù títí òógùn fi bo ojú mi. Nígbà tí a parí, mo ṣa bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ fún Kóòṣì. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á. Mo dúró, àwọn náà dúró. Ìgbà náà ni mo wo ọwọ́ mi. Mo yára gbé bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tún, mo kúnlẹ̀, wọ́n sì gbà á.

"Ìyá rẹ ò sí níbí," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi." Wọ́n yí pa dà síbi okùn wọn. Mo rò pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀. "Oṣù pé lónìí, Ọmọ Télọ̀. Mo gbọ́ ọ."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. N kò gba ife ẹ̀yẹ kankan tó tó fi ránṣẹ́ sílé. Ilé alájà ló wà níbi pápá yẹn báyìí, igi máńgòrò náà kò sì sí mọ́. Ẹ̀rọ ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi, mo ṣì ń fi í ṣe àtúnṣe aṣọ, mo sì ṣì ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Ọmọbìnrin mi kékeré kì í sọ̀rọ̀, bíi tèmi. Bó bá ti ilé ìwé dé, tí mo bi í pé kí ló ṣe é, yóò ní kò sí nǹkan. Mo ti dẹ́kun wíwo ojú rẹ̀. Mo máa ń kẹ̀yìn sí i, n ó máa ránṣọ mi lọ, n ó sì máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn káàkiri yàrá, títí n ó fi gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń pẹ́ lẹ́yìn, kí n tó bèèrè ohun tó ń dùn ún.