Ọjọ́ Tí A Kí Bọ̀dá Adéṣínà Kú Aráfẹ́rakù Bàálù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń lọ sí Èkó láti pàdé ọmọ mi tó ń bọ̀ láti òkè òkun. N kò tíì jókòó dáadáa tí obìnrin kan fi na aṣọ ìnura kékeré sí mi. Wọ́n ti rì í sínú omi gbígbóná, wọ́n fún un, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sì ń ta sánsán lára rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi gba tirẹ̀, ó fi nu bàtà. Èmi gbé tèmi bo ojú, mo mí sínú, kí n sì tó mí síta, mo ti padà sí àdúgbò wa ní Ìsọkù, mo ti tún di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lórí fóònù láìdìde lórí ibùsùn, ẹ ò lè mọ̀ pé ìgbà kan wà tí bàálù ní ojúlé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúlé náà kọjú sí tiwa. Ṣọ́ọ̀bù kan ni, gíláàsì wà níwájú rẹ̀, bàálù kékeré kan tó gùn tó apá àgbàlagbà sì dúró nínú gíláàsì náà, ara rẹ̀ funfun báláú, ìrù rẹ̀ pupa. Bọ̀dá Adéṣínà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Òun ni aṣojú iléeṣẹ́ bàálù àwọn òyìnbó kan, láti orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Òkú ni, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Bọ̀dá Adéṣínà kì í bọ́ kóòtù, kódà nínú oòrùn tó ń yan àgbàdo lórí igi. Ó fi ìyẹ́ idẹ kékeré há àyà, irú èyí tí àwọn awakọ̀ bàálù ń lò, bí wọ́n bá sì ní kí ìjọ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tó fẹ́ gbéra nílẹ̀ lòun ń ṣe dìde. Gbogbo ìlú ń pè é ní Páílọ́ọ̀tì, kò sì kọ̀ ọ́. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó: kò wọ bàálù rí. Ọmọdé mọ̀, àgbà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, torí ní Ìjẹ̀bú, aṣọ la máa ń kọ́kọ́ kí, kí a tó kí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Iléeṣẹ́ náà ti ṣèlérí pé bó bá kàn án, àwọn yóò gbé e lọ wo olú iléeṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí ìlérí yìí, ó ti ra ẹ̀wù òtútù kan tó nípọn bí ìtẹ́ ẹyẹ. Gbogbo ọyẹ́ ló ń sá a sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, àti kí àwa náà lè rí i.

Bí bàálù bá kọjá lókè, àwa ọmọdé á sáré kọdá. "Bọ̀dá, ṣé tiyín nìyẹn?" Á gbójú sókè, á tẹ́tí bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, á wá mi orí. "Tiwa kọ́. Tiwa kì í pariwo."

Ó máa ń sọ ìtàn iléeṣẹ́ náà bí ẹni ń sọ ìtàn ìdílé ara rẹ̀: bó ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàálù kan ṣoṣo tó ń kó lẹ́tà, tí ẹni tó ń wà á tún ń gbá a, bó ṣe dàgbà títí kò fi sí ìlú ńlá tí kò bà sí. Ó rọrùn láti fi í rẹ́rìn-ín, a sì fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló lọ dán an wò.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló bímọ lókè òkun, Ìyá Àgbà sì ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n máa wẹ ọmọ Ìjẹ̀bú bí ẹni ń fọ abọ́. Bọ̀dá Adéṣínà bá a ṣètò gbogbo rẹ̀, ó sì fi bẹ́líìtì ṣòkòtò ara rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de ara mọ́ àga. Nígbà tí Ìyá Àgbà padà dé, ọ̀rọ̀ ọmọ kọ́ ló kọ́kọ́ sọ. Ó ní òun kò jẹ oúnjẹ wọn, òun yọ gaàrí òun jáde nínú báàgì. Ọmọbìnrin onírun pupa tó ń tọ́jú èrò wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, kò yínmú. Ó lọ gbé omi tútù wá, pẹ̀lú yìnyín, ṣúgà àti ṣíbí tó ń dán, bí ẹni pé gaàrí ni gbogbo èrò inú bàálù ń mu.

"Ọmọ tí wọ́n tọ́ ni," Ìyá Àgbà wí. Láti ọjọ́ náà ló ti fún bàálù ní oríkì. Bó bá ti rí èyí tó wà nínú gíláàsì láàárọ̀, á kí i: "Funfun láyà, pupa nírù, ẹyẹ tí í gbé ìyá relé ọmọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lọ́wọ́ ni rédíò sọ pé iléeṣẹ́ náà ti wó. Àwọn ọ̀gá tuntun ló dé ibẹ̀, tí ìwé kún orí wọn. Wọ́n ní kí àwọn dára kò tó, àfi kí àwọn tóbi. Ni wọ́n bá ń ra àwọn iléeṣẹ́ bàálù mìíràn tó ń ṣàìsàn, bí ọkùnrin tó ń ṣú gbogbo opó àdúgbò lópó, tó ń bọ́ wọn tọmọtọmọ, títí ìkòkò tí òun náà ń jẹ nínú rẹ̀ fi gbẹ. Ibi tí ilẹ̀ mọ́ bá bàálù kálukú, ibẹ̀ ló dúró sí, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ta epo fún wọn mọ́.

Bọ̀dá Adéṣínà fi aṣọ bo bàálù inú gíláàsì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹlẹ́yà ìlú ní Páílọ́ọ̀tì ti já lulẹ̀ láìgbéra. Ìyàwó rẹ̀ ló sá wá bá Ìyá Àgbà.

"Màmá, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ó ní ojú ń ti òun, pé a máa kó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde kóṣù yìí tó parí. Kò kúkú sẹ́ni tó kú!"

"Ohun tó gbé mi lọ tó tún gbé mi bọ̀ ti kú, o ní kò sẹ́ni tó kú? Ta ló wà lọ́dọ̀ ọlọ́fọ̀?"

Ìyá Àgbà ró aṣọ dúdú. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àlàájà Sìfáwù, àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn. Bàbá mi, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ní, "Màmá, wọn kì í kíni kú aráfẹ́rakù bàálù o."

"Ìwọ tí o ò wọ̀ ọ́ rí, dákẹ́."

Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọdá, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Bọ̀dá Adéṣínà wà ní pálọ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé èjìká rẹ̀ kò fẹ̀ tó ti kóòtù.

"Ìnnà lilláhì," Àlàájà Sìfáwù wí. "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un."

"Ilẹ̀ kẹ̀, Àlàájà? Òfuurufú ni kẹ́ ẹ wí!" ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà dá sí i.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Adéṣínà gbórí sókè. "Màmá," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, "mi ò wọ̀ ọ́ rí."

"A mọ̀, Ṣínà," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. Ó wo yàrá yíká. "Ẹ gbé àga."

Wọ́n to àga ní méjì méjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Wọ́n fi ọlọ́fọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìyá Àgbà ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé omi kaná, kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì pín aṣọ gbígbóná yíká bí wọ́n ti pín in fún un nínú bàálù, pẹ̀lú ìtẹríba tí n kò rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. "Ẹ de bẹ́líìtì yín!" Àwọn ìyá tú ìborùn, wọ́n fi de ara mọ́ àga.

"Ṣé a ti gbéra?" Àlàájà Sìfáwù bèèrè, ó di ọwọ́ àga mú.

"Tipẹ́," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Wo Ìmùṣin nísàlẹ̀."

"Ìmùṣin ló kéré báyìí?"

"Kò sí ìlú tí kì í kéré lójú ẹni tó wà lókè. Òun ló ra àwọn ọ̀gá wọn níyè."

Ó wá gbé gaàrí àti omi tútù jáde. Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Adéṣínà gbàgbé ara rẹ̀. "Màmá, wọn kì í pín oúnjẹ báyìí! Ó dìgbà tí iná bẹ́líìtì bá kú."

"Ẹ gbọ́ o," Ìyá Àgbà wí, "Páílọ́ọ̀tì ti jí." Ẹ̀rín bú. Òun náà rẹ́rìn-ín, àárín ẹ̀rín ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, àwọn ìyá jókòó tì í títí ó fi sun ún tán. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ kóòtù, ìyẹ́ idẹ há àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò kó lọ mọ́. Nígbà tó yá, ó ra bọ́ọ̀sì kan tó ń gbé èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó. Bọ́ọ̀sì náà ń gbéra lásìkò, ó kún o, kò kún o. Iṣẹ́ ìyanu nìyẹn nílẹ̀ yìí.

Ìyá Àgbà ti lọ, Àlàájà Sìfáwù náà ti lọ. Bàálù pọ̀ lónìí bí eṣú, àwọn tó ń tọ́jú èrò ń jágbe mọ́ arúgbó, ọmọ mi kò sì gbọ́ orúkọ iléeṣẹ́ náà rí. Ìgbéraga àwọn tó jókòó sókè ló pa á. Ìwà ọmọbìnrin tó gbé omi tútù fún ìyá wa ni kò bá a kú. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ló ń rìn títí dòní.

Bùsọ́lá, ọmọ Bọ̀dá Adéṣínà, ló na aṣọ ìnura sí mi lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, orí rẹ̀ ti funfun, ìyẹ́ idẹ wà lára fìlà rẹ̀. Bùsọ́lá ní àwọn ọmọ bàbá náà tó wà lókè òkun ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kì í lọ. Mo bi Bọ̀dá Adéṣínà léèrè ìdí.

"Mo ti lọ," ó wí. "Ìyá yín ló gbé mi lọ. Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni?"

Bí a ti sún mọ́ pápákọ̀, bàálù ńlá kan bú ramúramù kọjá lórí wa, gíláàsì bọ́ọ̀sì ń gbọ̀n. N kò mọ̀gbà tó bọ́ lẹ́nu mi. "Bọ̀dá, ṣé tiyín nìyẹn?"

Ó gbójú sókè, ó tẹ́tí títí ariwo náà fi lọ tán.

"Tiwa kọ́," ó wí. "Tiwa kì í pariwo."