Ta Ló Rọ Ìbọn Yìí?

Gafar alágbẹ̀dẹ ní Ṣakí kò bí ọkùnrin, nítorí náà Làtífátù ọmọ rẹ̀ ló ń fín ewìrì fún un láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìbọn ṣakabùlà ni bàbá náà ń rọ fún àwọn ọdẹ. Làtífátù mọ bí wọ́n ṣe ń wé irin pẹlẹbẹ mọ́ ọ̀pá roboto bí ẹni ń wé láwàní, tí wọ́n á máa fi owú lù ú títí etí irin á fi jẹra wọn, tí wọ́n á wá fa ọ̀pá àárín yọ. Ó mọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń kù lára irin náà bí èèyàn bá fara balẹ̀ wò ó.

Lọ́dún tí àwọn adigunjalè da agbègbè yẹn láàmú, ọlọ́pàá wá gbé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń rọ ìbọn fún olè. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò látìmọ́lé, adájọ́ kan ò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n kó owú, ẹ̀mú àti ewìrì rẹ̀ lọ, wọn ò dá ẹyọ kan padà. Nígbà tó fi máa jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣeé ká mọ́. Inú tó bí Làtífátù lọ́jọ́ náà, òun ló gbé dé Dublin lọ́dún 2000, pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún.

Nígbà tó fi di ọdún 2005, ó ti rí ìwé ìgbélùú gbà, òun àti Raheemat ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ní Clondalkin. Láràárọ̀ ló ń wọ Luas, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Dublin, lọ sígboro, níbi tó ti ń gbálẹ̀ nílé gbàǹjo kan tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́. Nígbà yẹn owó ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Dublin, wọ́n ń fi idà àti ìbọn ayé ọjọ́un ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ìbọn gígùn kan lórí tábìlì. Ìbọn náà ò ní òkúta ìṣáná. Apá idẹ kékeré kan ló wà lára rẹ̀, tó tẹ̀ bí ọrùn lékeléke, tí wọ́n máa ń ki okùn tó ń jó bọ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n bá fa nǹkan ìsàlẹ̀, apá náà á gbé iná lọ bá ẹ̀tù. Kádì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn Pọtogí ló rọ ọ́, pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Malay ilẹ̀ Éṣíà ti rí i, nítorí pé àwọn yẹn ò ní ìmọ̀ àtirọ irú rẹ̀.

Làtífátù ka kádì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irin náà, ó sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i po láti ìdí dé ẹnu. Ó fi àkísà tútù nu ìdí rẹ̀. Lẹ́tà kéwú yọ lábẹ́ ìdọ̀tí. Ó lè kà á, ṣùgbọ́n èdè náà kì í ṣe Lárúbáwá, kò sì yé e. Ó dà á kọ sínú ìwé pélébé.

Nígbà tí Hanlon dé, ẹni tó ń díye lé ohun ìjà, Làtífátù fi ìlà àti lẹ́tà náà hàn án. Àkísà ọwọ́ rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò. Ó bi í pé ta ló ní kó fọwọ́ kan yoke yẹn, bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan ní Dublin. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, pé alágbẹ̀dẹ inú igbó kan ò lè rọ ohun tó tọ́ báyìí.

Làtífátù gbé àkísà náà sílẹ̀. "Nílé, wọ́n ti bàbá mi mọ́lé torí pé ó rọ ìbọn. Níbí, ẹ ní irú bàbá mi ò lè rọ ọ́. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?"

Hanlon ní kó má wá mọ́ láti ọ̀la.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó mú ìwé pélébé náà lọ sí mọ́sálásí Clonskeagh, ó fi han Zaharah, ọmọbìnrin Malay kan tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní èdè àwọn ni, pé ohun tó wà níbẹ̀ ni "iṣẹ́ ọwọ́ Leman alágbẹ̀dẹ." Ó ní istinggar làwọn ń pe ìbọn náà, ara ọ̀rọ̀ Pọtogí lorúkọ yẹn ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn Pọtogí bá ìbọn ní Melaka nílẹ̀ Malay nígbà tí wọ́n wá gba ìlú náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, Zaharah mú ẹ̀dà ìwé kan wá láti ilé ìkàwé. Òyìnbó kan tó gbé ní Sumatra, erékùṣù tó kọjú sí Melaka, ní igba ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló kọ ọ́. Òyìnbó náà ní ẹ̀yà Minangkabau tó wà níbẹ̀ mọ ìbọn rọ dáadáa, pé ṣe ni wọ́n ń wé irin pẹlẹbẹ mọ́ ọ̀pá, tí wọ́n á lù ú títí etí rẹ̀ á fi jẹra wọn.

Zaharah rò pé inú Làtífátù á dùn. Ṣe ni ojú rẹ̀ pọ́n. Òyìnbó ẹgbẹ́ Hanlon ti fojú rí i, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìgbà láéláé, Hanlon ò sì kà á.

Àwọn méjèèjì lọ sílé gbàǹjo náà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí àwọn olùrajà lè yẹ ọjà wò. Kádì ti yí padà. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé ìbọn Malay tó ṣọ̀wọ́n ni, tó ní orúkọ alágbẹ̀dẹ lára, tí Ọ̀gbẹ́ni Hanlon ṣàwárí.

Làtífátù lọ bá a láàárín èrò. "Ọjọ́ wo lẹ ṣàwárí ẹ̀? Ṣáájú kí ẹ tó lé mi ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

Etí Hanlon pọ́n. Ìyá àgbà kan tó fẹ́ ra ìbọn náà bi Làtífátù pé kí ló rí lára rẹ̀. Làtífátù di ìka ìyá náà mú, ó fi lé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó sì rọra fà á yípo irin náà. Ìyá náà ò tíì gbé ìka kúrò tí ẹ̀ṣọ́ fi wá mú Làtífátù àti Zaharah jáde.

Wọ́n ta ìbọn náà, kádì náà ò sì yí padà mọ́. Làtífátù ríṣẹ́ ìmọ́tótó sí pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tó ròyìn fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù, bàbá náà ò béèrè Hanlon rárá. Bí irin náà ṣe nípọn tó nídìí ló ń bi í. Ó sọ fún un. Bàbá náà ní Leman mọṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé láti ilé gbàǹjo. Wọ́n ní ìbọn méjì láti Áfíríkà ti wọlé, bóyá ó lè yà wá bá àwọn wò ó. Orúkọ rẹ̀ gan-an, wọn ò kọ ọ́ dáadáa. Ó fèsì pé òun á wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ Làtífátù, ọmọ Gafar alágbẹ̀dẹ, sínú ìwé ọjà wọn. Wọn ò fèsì, kò sì lọ.