Ohun tí Dókítà Rí Lójú Ọkọ Mi

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọbìnrin wa lé mi láyà, kò sọ pé "ẹ kú ewu ọmọ". Ó kàn dúró tì mí, ó ń tún aṣọ ọmọ náà ṣe. Mo wo ọmọ mi. Igun ojú rẹ̀ méjèèjì fà sísàlẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ sunkún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ, àgbọ̀n rẹ̀ kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé kò ní. Etí rẹ̀ kákò bí ewé tí oòrùn pa. Mo fún un lọ́mú, wàrà sì gba imú rẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni wọ́n tan iná sí i lẹ́nu, tí wọ́n rí i pé òkè ẹnu rẹ̀ là.

Ìyá ọkọ mi wá bá wa nílé ní Akobo. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n wò ó títí.

"Ìyàwó, irú èyí ò sí nílé tiwa o. Lọ bi àwọn ara ilé yín."

Mo pe ìyá mi lórí fóònù, àwọn náà ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo wá ń wádìí ara mi wò: ṣé oògùn ibà tí mo lò nínú oyún ni? Síbẹ̀, ìyá ọkọ mi yìí kan náà ló ń gbé ọmọ nàró kí n lè máa fi ṣíbí fún un ní wàrà díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá sùn, àwọn ló ń dà á dojú bolẹ̀, kí ahọ́n rẹ̀ má baà dí i lọ́fun. Wọn ò kàn bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ń tún ẹnu àti ojú ọmọdé ṣe. Obìnrin ni. Ó yẹ ọmọ wò tán, ó wá tẹjú mọ́ ọkọ mi.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ gíláàsì yín."

"Èmi kẹ̀?"

Ó fi ìka kan abẹ́ ojú rẹ̀. "Irùngbọ̀n yín yìí, ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń dá a sí?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ ti pẹ́. Àgbọ̀n mi kéré, wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé."

"Ohun kan náà ló wà lára ẹ̀yin àti ọmọ yín," dókítà ní. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lára yín, ó wá hàn gan-an lára ọmọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni."

Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́yìn wa.

"Nígbà tí mo bí ọkọ rẹ, òun náà ò lè mu ọmú," wọ́n ní. "Òwú ni mo ń rẹ sínú wàrà, tí mo ń kán an sí i lẹ́nu. Ìyá ọkọ tèmi ní ọmú mi ni kò dáa." Ni wọ́n bá bú sẹ́kún. "Ìyàwó mi, má bínú."

Èmi náà sunkún. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi jáde láti ilé ìwẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ kanlẹ̀.

"Kó lè rí ẹni tó jọ," ó ní.

Wọ́n ti rán òkè ẹnu ọmọ náà báyìí. Ihò etí rẹ̀ dí látilẹ̀, torí náà ó ń de ẹ̀rọ ìgbọ́ràn mọ́ orí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà nílé ìwòsàn, ìyá ọkọ mi kí oríkì rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọmọ sì yíjú padà. Ariwo tí wọ́n pa, àwọn aláìsàn ẹnu ọ̀nà gbọ́ ọ. Iṣẹ́ àgbọ̀n ṣì ń bẹ níwájú, ìyẹn dìgbà tó bá dàgbà sí i.

Ó ti wọ iléèwé ní Bódìjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ, mo ti ń múra ìjà, mo rò pé wọ́n ti fi ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mà," olùkọ́ ní, "ọmọ yín ń rojọ́ jù. Ibi tí a bá gbé e jókòó sí, kò ní jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í kàwé."