Láoyè Tó Ń Jalè Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Télọ̀ ni Láoyè ní Olódò, kí Ọlọ́run ó dẹ ilẹ̀ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àjákù aṣọ tí àwọn télọ̀ yòókù fi ń rán fìlà fún ara wọn, òun a ká a, a dá a padà fún oníbàárà. Àmọ́ tó bá di Ọjọ́bọ̀, á ti ṣọ́ọ̀bù, á wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, á lọ jalè lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọdún 1963 ni. Pákáleke lorúkọ olè tó ń ṣe nínú eré wọn. Pákáleke a jí ewúrẹ́ baba ahun kan, a gbé itan kan fún opó, a jẹ ìyókù. Á wá lọ bá ahun náà kẹ́dùn, á sì gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ bá a wá olè náà lọ. Àwọn èèyàn á máa bú u, wọ́n á sì máa gbàdúrà kí ọlọ́pàá má rí i mú.

Ní Ìyànà Ọ̀fà, Tíṣà Olúyínká nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un níná lẹ́yìn ilé. Pálọ̀ rẹ̀ a kún dé ojú fèrèsé. Ìyá Àjọkẹ́ ló máa ń jókòó níwájú. Òun ló tọ́ Títílọpẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Títílọpẹ́ yìí sì ni Láoyè fẹ́ fẹ́.

Nígbà tí àwọn ará ilé Láoyè wá tọrọ ọmọ, àwọn ẹbí ní àwọn á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ìyá Àjọkẹ́ ní kò pọn dandan.

"Ìwádìí wo? Ṣebí ojú mi ló ṣe tó gba ojú fèrèsé wọlé onílé."

Títílọpẹ́ kúnlẹ̀. "Màmá, eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Àmọ́ ẹni tí kò ní i nínú ò lè ṣe é kó dùn báyẹn. Tó bá fẹ́ ọ, kó fi Pákáleke sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Láoyè. Tó bá ti dé fìlà Pákáleke, ńṣe ni ara rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ó gbà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní Pákáleke ti sá lọ sí Kútọnu. Láoyè jáde bíi díákónì, ó wọ aṣọ funfun, ó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn kí wọ́n gbálẹ̀ àyíká wọn.

"Ó ń dọ́gbọ́n ni," ni wọ́n ń sọ ní pálọ̀ tíṣà. "Ẹ dúró, á gbé àpò ọrẹ."

Kò gbé e. Ó di ẹnu àpò náà dáadáa. Múyì alápatà dìde dúró. "Ewúrẹ́ rèé níwájú rẹ̀. Ó kọjá lára ewúrẹ́!"

Ìyá Àjọkẹ́ pòṣé. Ó ní kí wọ́n bá òun pa nǹkan náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọkọ̀ lọ bá Láoyè nídìí máṣíìnì. Láoyè dọ̀bálẹ̀.

"Díákónì," ló pè é. "Ta ló ní kí o máa gbà wá nímọ̀ràn?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ ní kí n fi olè sílẹ̀."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Mi ò ní kí o fi oorun pa wá."

Láoyè ò dìde nílẹ̀. "Tí Pákáleke bá padà dé, ṣé Títílọpẹ́ á bá mi lọ?"

"Á bá ọ lọ. Tí a bá ti ta kòkó tán."

"Ìyẹn jìnnà, Màmá. Ohun tí Pákáleke fẹ́ fojú baba ahun yẹn rí tó bá dé, ó lágbára."

Ìyá Àjọkẹ́ sún mọ́ ọn. "Kí ló fẹ́ ṣe?"

"Mi ò lè sọ ọ́ fún àlejò. Àna mi nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún."

Ìyá Àjọkẹ́ wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín gbé e, àfi ìgbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ó fi etí ìborùn nu ojú.

"Mo sọ ọ́," ló wí. "Mo ní ó wà nínú ẹ."

Ó mú ìgbéyàwó wá sí oṣù tó ń bọ̀, ó sì tẹ́tí sílẹ̀.