Agbòjò Ọ̀jọ̀gbọ́n

Lọ́dún 2009, Ọmọlará Títíloyè, ọ̀dọ́ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn àti àyà ní Benin, gba owó ìwádìí àkọ́kọ́ rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò lọ́jú pọ̀: àwọn ọmọ tí wọ́n ti fa ọyún kúrò láyà wọn, ṣé ara wọn á ṣì dá ṣáká lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Owó ọkọ̀ tí àwọn ìyá yóò fi mú wọn padà wá ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbọlá, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Owó ìwádìí kì í wọlé síbí ká má ṣe ìfilọ́lẹ̀. Àṣà wa nìyẹn.”

“Ọ̀gá, owó ọkọ̀ àwọn aláìsàn ni, sà.”

“Ṣé ìwọ lo bí wọn ni? Ta lọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn tí ò ní mọ ọ̀nà ọsibítù?”

Wọ́n fi owó ọkọ̀ náà ṣe ìfilọ́lẹ̀. Àwọn tí kò fojú kan àyà ọmọ rí jókòó síwájú, wọ́n ń fa ẹran tòlótòló ya, epo ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Àlùmọ́gàjí yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gé rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n wá pín agbòjò tí wọ́n tẹ ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n sí fún àwọn ìyá, wọ́n tò wọ́n bí ìgò, wọ́n ya fọ́tò wọn.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, kò sí ẹyọ ọmọ kan tó yọjú.

“Kọ ọ́ pé ara gbogbo wọn dá,” Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Ta ló máa lọ wò ó ní ìgbèríko Ekiadolor lọ́hùn-ún?”

Ọmọlará lọ. Ó bá ìyá Bọ́lájí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, níbi tó ti ń sun bọ̀ọ̀lì lábẹ́ agbòjò náà, tí ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín lókè èéfín.

“Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò mú un wá?”

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa fowó ọkọ̀ ránṣẹ́, dókítà. Àbí kí n gun agbòjò yìí wá ni?”

Ọmọlará ò rí ẹ̀rín rín. Ó kọjú sí ọmọ náà tó jókòó ti ìyá rẹ̀. “Bọ́lájí, ibo ló ń dùn ẹ́?”

“Na here.” Ó fọwọ́ kan ìhà ọ̀tún.

Ọmọlará fi ìka lu ìhà náà. Ó dún gbì bí ẹni ń lu àpò gaàrí. Ọyún ti padà.

Ó gbé ọmọ náà kọ́ èjìká. Ìyá rẹ̀ paná, ó ń wá ibi tí yóò fi agbòjò pa mọ́ sí.

“Ẹ mú un dání, Mà. Orí tábìlì ẹni tó ni ojú yìí la máa ṣí i sí, níṣojú ọmọ yín.”