Ìwé Ẹgbẹ́ Òkùnkùn Tí A Kà fún Bàbá

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi gba ìwé ìtàn kan lọ́wọ́ mi nílé wa ní Bépanda, àdúgbò kan ní Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé ìwé ló yá mi. Ìtàn náà dá lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n ya agbárí òkú sí ẹ̀yìn ìwé náà, òun sì ni bàbá mi rí.

Bàbá kò mọ̀wé. Ilé kéwú nìkan ló lọ kó tó wá sí Douala wá tajà. Mo rò pé yóò sọ ọ́ síná ni. Ó kàn yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Mi ò lè sọ pé ohun tí mi ò mọ̀ kò dáa. Wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kí o wá kà á fún mi."

Ọjà ò yá lásìkò náà. La crise, ìyẹn ọ̀dá owó, ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àti ẹni tó gbọ́ Faransé àti ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ wa, àgádágodo kan ṣoṣo ló máa rà, bí kò bá kàn béèrè iye rẹ̀ kó sì lọ. Lẹ́yìn ìrun àsárì, màá jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a dojú rẹ̀ dé, màá ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà sínú, màá sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Yorùbá mi kò tó nǹkan. Bàbá ló ń bá mi wá ọ̀rọ̀. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, máa ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé ibi tí wọ́n ti lu ọmọkùnrin inú ìtàn náà kí wọ́n tó gbà á sẹ́gbẹ́. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ létí Bàbá, mo bá fò ó. Àbúrò mi ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Àǹtí, ẹ ò ka ibi tí wọ́n ti nà án."

Bàbá yíjú sí i. "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n nà án?"

Àbúrò mi jẹ́wọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí Bàbá ni ìwé náà máa ń wà, ó sì ti kà á tán ní àwọn àárọ̀ tí ìyá wa lọ ra tòmátì ní ọjà Sandaga.

"Ṣé ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ó bà mí. Mi ò sì rí ẹni bi, torí ẹ ti gba ìwé náà."

Mo ń retí kí Bàbá na àwa méjèèjì. Ó ní kí n padà sí ibi tí mo fò. Mo kà á. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Mo ní bàbá rẹ̀ kò sí nínú ìtàn náà, àfi ibi tó ti fi owó ilé ìwé ránṣẹ́.

"Ìyẹn ló burú jù," ó wí.

Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi ń jókòó tì mí títí a fi kà á tán. Mo wá bi Bàbá bóyá ìwé náà dáa fún ọmọdé.

"Ìwọ lè kà á," ó wí. "Kì í ṣe ìwé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ó ti kà á ná. Ó sàn kó gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa."

Ìyá wa kò gbà. Ó ní ẹgba ló yẹ ọmọ náà. Fún bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò mi kì í lè dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi ni mo sì ń sìn ín lọ.